Fọ́tò ìrìn àjò Kétu ti kún fóònù mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àkópọ̀ fọ́tò tí màá gbé kọ́ ògiri pálọ̀ Màmá

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, èmi àti Màmá mi gbéra n'Íbàdàn, ó di Abẹ́òkúta. Mo gun Olúmọ, Màmá jókòó sísàlẹ̀ ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀, ogun kankan ò lé òun. A gbabẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì, a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845, a kọjá ẹnubodè ní Sẹ̀mẹ̀, a sun ọjọ́ méjì ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lẹ́yìn náà a gba Sakété àti Pobẹ̀ dé Kétu. Kétu ti ilẹ̀ Benin yìí gan-an là ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá Màmá sí, ẹsẹ̀ Màmá ò sì débẹ̀ rí títí ó fi ń wọ àádọ́rin ọdún.

Mo ka fọ́tò tó wà lórí fóònù mi, 312. Mo fẹ́ kó wọn pọ̀ sójú kan kí n gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ 40 jáde, mo ra páálí ńlá kan ní Dùgbẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, páálí ti ká sókè bí awọ ìlù tí oòrùn pa, àwọn fọ́tò sì ti wú káàkiri bí ara ẹni tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé gọ́ọ̀mù ni àbí páálí? Báwo lẹ sì ṣe ń ṣa fọ́tò tó máa wọlé?

Tẹ̀mi Onífọ́tò

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo, torí náà ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Báwo lẹ ṣe fi àwọn fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́? Tó bá jẹ́ orí WhatsApp ni, bá a ṣe máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wa, ó ti fún un kù kó tó débẹ̀. Fọ́tò tí fóònù yín yà lè ní píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò) 4000 níbi tó gùn. Tó bá fi máa kàn mí lára, ó lè má ju 1600 lọ. Fún fọ́tò ínṣì 4 sí 6, kò burú, torí píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan là ń lé, ìyẹn 1800 níbi tó gùn, 1600 sì sún mọ́ ọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n fẹ ẹ́ dé 12 sí 16, 100 péré ló máa kan ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ojú Màmá á dà bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn wíńdò ọkọ̀ nígbà òjò. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, tàbí kẹ́ ẹ gbé fóònù gan-an wá.

Ohun kejì, ẹ béèrè irú ìtẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Èyí tí a fi kẹ́míkà fọ̀ sórí bébà fọ́tò, omi díẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì fi íńkì olómi tẹ̀ lè ṣàn bí gọ́ọ̀mù tútù bá kàn án. Ẹ rẹ ìka yín sómi, kẹ́ ẹ fi pa etí èyí tí kò wúlò wò. Tí àwọ̀ bá bá ìka yín bọ̀, ẹ má gbé gọ́ọ̀mù olómi sún mọ́ ọn.

Káfíńtà Òṣòdì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kan férémù. Gọ́ọ̀mù rẹ ò ṣẹ̀, páálí rẹ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni o lẹ̀. Bébà tó bá mu omi a fẹ̀, tó bá gbẹ a sún kì. Ojú tí o lẹ nǹkan sí ń fà, ẹ̀yìn ò fa nǹkan kan, ló bá ká. Bí àwa bá ti lẹ ojú tán, a ó fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ bébà pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn, kí ìhà méjèèjì jọ máa fà á. A ó wá gbé pákó pẹlẹbẹ lé e, a ó to búlọ́ọ̀kù méjì sórí pákó, ó di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ti pé o fẹ́ kó pẹ́ lára ògiri, fi páálí sílẹ̀. Ra pílàíwúùdù ìlàjì ínṣì, kí wọ́n bá ọ gé e sí ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. Fi òògùn ikán kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí òórùn rẹ̀ sì lọ. Mo ti rí férémù tó dúró dáadáa lára ògiri, a gbé e sọ̀kalẹ̀, ó kù gílàsì àti eruku. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán láti ẹ̀yìn.

Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi ń lẹ igi ni kí o lò. Da ìwọ̀n omi kan pọ̀ mọ́ ìwọ̀n gọ́ọ̀mù méjì, fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ pa á tínrín. Tí o bá rí i tó ń ṣàn jáde létí fọ́tò, ó ti pọ̀ jù. Má lo gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Ó ń mú lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ọjọ́ bá ti ń lọ, a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ gba inú fọ́tò wá. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún ọ pé kí o fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ pósítà ìbò, sọ fún un pé aáyán inú ilé Màmá rẹ ti jẹun tán.

Alákọ̀wé Ọ̀yọ́

Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Èmi rò pé 312 yẹn gan-an ni ìṣòro. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ìrìn àjò ló yẹ kó lọ sára ògiri. Álúbọ́ọ̀mù wà fún ìyẹn. Ara ògiri, ẹni tó bá wọlé á wò ó ní ìṣẹ́jú kan, á jókòó, á gba omi mu. Tí fọ́tò 40 bá wà níbẹ̀, ọ̀kankan ò ní wọ̀ ọ́ lójú.

Pálọ̀ bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, férémù mọ́kànlá ló yí i ká lókè, nítòsí àjà, wọ́n fi okùn so wọ́n dẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹni tó jókòó lè rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Mọ́kànlá péré, mo sì lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín lónìí: bàbá nínú aṣọ òfì, ìyá àgbà lórí àga pẹ̀lú ọwọ́ lórí eékún méjèèjì, bọ̀ọ̀dá mi lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ṣé nítorí pé wọ́n rẹwà ni? Rárá. Wọ́n kéré níye ni.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú 312 yẹn, èwo lẹ ti fi han èèyàn láìjẹ́ pé ó ní kẹ́ ẹ fi han òun?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Káfíńtà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Àṣé ẹ̀yìn ni mo gbàgbé!

Alákọ̀wé, ìbéèrè yín mú mi jókòó. Ọ̀kan ṣoṣo ni, kì í sì í ṣe èyí tí mo rò. Nígbà tá a dé iwájú Àkábà Ìdènà ní Kétu, ẹnu ọ̀nà odi ìlú àtijọ́, mo ti ń wá ibi tí màá dúró sí kí gbogbo ẹ̀ lè wọ inú fọ́tò. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Mo sọ fóònù sísàlẹ̀, mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Sálúbàtà aláwọ̀ búlúù, eruku pupa, ẹsẹ̀ Màmá pẹ̀lú làálì tí wọ́n fi sí i nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi tó ti ń ṣí kúrò. Òun ni mo fi han gbogbo èèyàn. Mi ò kà á mọ́ èyí tí màá tẹ̀, torí ojú Màmá ò sí níbẹ̀.

Alákọ̀wé Ọ̀yọ́

Ẹ ti rí iṣẹ́ yín nìyẹn. Ìyẹn ló máa tóbi jù, kí gbogbo ìyókù máa rìn lọ bá a. Ẹ má fi sí àárín géérégé o, ẹ sún un sápá ọ̀tún díẹ̀. Ìbàdàn lápá òsì, Kétu lápá ọ̀tún, kí ojú máa rìn bí ẹ ṣe rìn.

Ìyá Tọ́pẹ́ Ìtòkú

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ ò gbọdọ̀ lẹ fọ́tò mọ́ igi lásán nígbà tẹ́ ẹ gba Abẹ́òkúta kọjá. Ẹ fi àdìrẹ bo pílàíwúùdù náà kí ẹ tó to fọ́tò lé e. Búlúù aró ló ń gbé àwọ̀ fọ́tò yọ jù, pàápàá eruku pupa tẹ́ ẹ sọ yẹn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ tóbi díẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kún wínníwínní á máa bá fọ́tò jà.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa. Lọ́dún tó kọjá mo ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ mi tó ń lọ ilé ọkọ. Aṣọ tuntun ni, ó dán, mi ò fọ̀ ọ́. Mo lẹ fọ́tò lé e, mo gbé e kọ́ ògiri. Òjò Agẹmọ dé, ilé tutù, aró bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo etí funfun àwọn fọ́tò di búlúù, ó gba ibẹ̀ wọ àgbádá ọkọ ọmọ mi. Ọkùnrin yẹn ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, ẹ fọ àdìrẹ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ má kà á. Ẹ sá a sí ibòji, ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi àkísà funfun tó tutù tẹ̀ ẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí àkísà náà bá funfun bó ṣe wà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní búlúù díẹ̀ pẹ́ẹ́, ẹ padà sídìí bààsíà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á bo igi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín etí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá sí igun. Ẹni tó bá kan igun mọ́lẹ̀ ṣáájú, aṣọ rẹ̀ á hun jọ láàárín.

Ẹ má fi gíláàsì sí i o. Gíláàsì kì í jẹ́ kéèyàn rí ara aṣọ.

Káfíńtà Òṣòdì

Ìyá Tọ́pẹ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n èmi ò ní fara mọ́ àìfi gíláàsì sí i. Ẹ rántí ọyẹ́. Eruku oṣù Ṣẹẹrẹ nìkan tó láti sọ àdìrẹ di aṣọ akúṣẹ̀ẹ́. Ta ló sì fẹ́ máa fi àkísà tútù nu fọ́tò?

Ohun tó yẹ ni férémù oníjìnlẹ̀, bí àpótí tí kò ga. Kí gíláàsì jìnnà sí fọ́tò tó ínṣì kan. Ìdí méjì ni. Èkíní, fọ́tò tó bá fara kan gíláàsì, lọ́jọ́ tí ooru àti òjò bá pàdé, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ò ní lè ya wọ́n mọ́ láìjẹ́ pé ojú ẹnì kan bá gíláàsì lọ. Wọ́n ti gbé fọ́tò ìgbéyàwó wá bá mi rí tí imú ìyàwó wà lára gíláàsì, tí ìyókù rẹ̀ wà lára bébà. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ fi owó ẹyọ tàbí òwú sí i, wọ́n á ríbi dúró.

Kí ẹ ṣírò ìwúwo rẹ̀ o. Gíláàsì tó nípọn mílímítà 3, kílò méje àbọ̀ ni fún mítà kan níbùú lóròó. Ti ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 á lé díẹ̀ ní kílò mẹ́rin, pílàíwúùdù náà á tó bẹ́ẹ̀, kí a tó wá ka igi férémù. Ìṣó kan ò lè gbé e.

Tẹ̀mi Onífọ́tò

Bàbá gba gíláàsì, Ìyá ò gbà. Kí n má dá sí i 😀 Èmi kàn fẹ́ fi kún un pé níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́, oòrùn ò gbọdọ̀ kàn án tààrà. Gíláàsì lásán ò lè dí oòrùn lọ́wọ́. A tú férémù kan níbi iṣẹ́ wa, ibi tí etí igi bò ṣì pọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́, àárín ti di àwọ̀ omi tíì. Ìlà tó wà láàárín méjèèjì tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì sì wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìwé ọkọ̀ tàbí rìsíìtì ilé ìtura kún un, ẹ má lẹ ojúlówó. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ bébà tí wọ́n ń fi ooru kọ̀wé sí, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, kí ẹ̀dà wọ férémù. Bákan náà ni òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà. Ẹnì kan wá bá wa pé òun fẹ́ ya ojú ewé òǹtẹ̀ kúrò nínú ìwé ìrìnnà òun. A bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o. Àjàṣẹ́ ni mo wà, inú mi dùn pé Màmá wá sọ́dọ̀ wa. Àdùkẹ́, kí lẹ yà níbí? Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjà Wàndò nìkan ni. Ṣé ẹ yà mọ́ṣáláṣí ńlá wa? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe rí ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàhíà. Tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò rẹ̀, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì. Méjèèjì jọ ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn tó gba ojú omi lọ àtàwọn tó gba ojú omi bọ̀.

Ọgbọ́n kan tí mo lò fún tèmi: òwú. Mo fi òwú pupa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí mo rìn, mo fi ìṣó kékeré mú un láti fọ́tò dé fọ́tò. Ẹ má fi rúlà fà á. Ojú ọ̀nà yín yà kọ́rọkọ̀rọ: Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, Àgbádárìgì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òkun, Àjàṣẹ́ tún lọ sí ìwọ̀ oòrùn, Kétu wá gòkè padà sí àríwá. Ẹni tó bá wo òwú náà á rí i pé ẹ lọ yí po.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn tó wà nínú fọ́tò, ṣé wọ́n mọ̀? Ẹni tí ẹ yà lọ́jà láì bi í, ẹ fi sílẹ̀ sórí fóònù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Kétu ni wọ́n máa ń pè ní orírun rẹ̀, ọdún 2001 sì ni UNESCO ti fi í sára ogún tó yẹ ká máa tọ́jú. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ inú àgbàlá ẹnì kan ni, ẹ bi onílé.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

A ya mọ́ṣáláṣí yẹn o! Màmá dúró níwájú rẹ̀, ó ń bi mí pé ibo ni agogo wà. A ò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní tiwa, kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Wàndò wà lórí fóònù mi, mi ò bi í. Mo ti yọ ọ́.

Kúnlé Peckham

Fún àwa tá a wà nílé onílé ní London níbí, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣó. Bẹ́ńdì tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo fi gbé tèmi, tó ṣeé fà kúrò láìba ògiri jẹ́. Ó ti lé ní ọdún méjì.

Káfíńtà Òṣòdì

Kúnlé, ìyẹn dára lọ́hùn-ún fún férémù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Kílò mẹ́sàn-án lórí ọ̀dà oníyẹ̀fun tiwa ńbí? Ọ̀dà àti bẹ́ńdì á jọ ṣí kúrò lára ògiri lóru, àwọn ará ilé á pe ọlọ́dẹ.

Ìwọ Àdùkẹ́, ògiri búlọ́ọ̀kù ni ti Màmá, àbí? Kí wọ́n fi díríìlì lu ihò méjì, mílímítà 6, kí wọ́n fi fíṣà (ike tó ń di ìṣó mú nínú ihò) sí i, kí wọ́n wá yí ìṣó onísúkúrú wọ̀ ọ́. Ihò méjèèjì kò gbọdọ̀ wà lókè ibi tí súwíìṣì iná wà géérégé, wáyà lè gba inú ògiri níbẹ̀ kọjá. Bí ògiri náà bá pààlà pẹ̀lú ilé ìwẹ̀, wá ògiri mìíràn. Gé sílípáàsì ilé ìwẹ̀ tó ti gbó, lẹ ègé kékeré kọ̀ọ̀kan mọ́ igun méjèèjì ìsàlẹ̀ lẹ́yìn férémù, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Alákọ̀wé Ọ̀yọ́

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ gé ìwé ìròyìn àtijọ́ sí ìwọ̀n fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹlotéèpù so wọ́n mọ́ ògiri bí ẹ ṣe fẹ́ tò wọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú á máa sọ fún yín lójoojúmọ́ èyí tó yẹ kó kúrò.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ, mo ti padà dé o. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Láti 312, mo dé 60 lálẹ́ ọjọ́ kan. Láti 60 dé 13 gbà mí ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo kọ orúkọ ìlú márùn-ún sórí bébà, mo ní ìlú kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan tó jìnnà, tó fi ibẹ̀ hàn, àti ọ̀kan tó sún mọ́ni: ọwọ́, oúnjẹ, aṣọ. Ìyẹn jẹ́ mẹ́wàá. Kétu gba mẹ́ta lé e. Olúmọ lọ pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà tó wà lẹ́sẹ̀ Màmá. Mọ́ṣáláṣí lọ pẹ̀lú ẹ̀yìn orí Màmá tó gbé gèlè sókè tó ń wá agogo. Ẹsẹ̀ Kétu ni Tẹ̀mi fẹ̀ sí ínṣì 12 sí 16. Láti orí fóònù gan-an ni, píksẹ́lì 250 ló kan ínṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ lè ka làálì náà ní ìka kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin jẹ́ 5 sí 7, mẹ́jọ tó kù jẹ́ 4 sí 6.

Àdìrẹ ni mo fọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ̀ẹ̀karùn-ún ṣì ní búlúù! Mo rò pé ẹ ń dẹ́rù bà mí ni.

Kí n tó lẹ fọ́tò gidi, mo fi méjì nínú 40 tí mo ti bàjẹ́ dán ọwọ́ wò. Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ń gbé fọ́tò lé gọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ ń há sábẹ́ rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí kan lélẹ̀ ṣáájú, kí n máa sọ ìyókù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ẹní, kí n máa fi káàdì báǹkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sétí, pẹ̀lú bébà mímọ́ láàárín káàdì àti fọ́tò kó má bàa ha á. Ilé Àgbádárìgì ṣì ní ìléròrò kan lójú òrùlé. Mo fi orí abẹ́rẹ́ gún un, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílẹ̀. Ẹ ò ní rí i àyàfi tí mo bá nawọ́ sí i. Mo ti sọ fún yín báyìí, ẹ ó máa wá a.

Òwú pupa, mo dì í, mo tú u, mo tún un dì. Láti Àjàṣẹ́ gòkè lọ sí Kétu, ó ń gba ojú ìyá kan kọjá nínú fọ́tò. Mo ní láti gbé fọ́tò náà yí.

Ti ìwé ìròyìn lára ògiri, Alákọ̀wé, ẹ bá mi ṣe é o. Mo so wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀ Màmá lọ́jọ́ tó lọ ìpàdé ìdílé n'Ífẹ̀, mo rò pé ọjọ́ méjì ni yóò lò. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì láàárọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bébà mẹ́tàlá lára ògiri rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀dà. Mi ò lè parọ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, «Wọ́n ga jù. Ta ló fẹ́ na ọrùn wò ó? Sọ̀ wọ́n kalẹ̀.» Wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 145 láti ilẹ̀ dé àárín àwòrán ni àwọn ilé àfihàn máa ń lò, ìyẹn fún ẹni tó wà lórí ìdúró. Orí ìjókòó ni Màmá máa ń wà. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 125.

Ìyá Tọ́pẹ́ Ìtòkú

Ṣé ẹ fi gíláàsì sí i?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Mo fi sí i o, Mà. Ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ ni pé ara aṣọ ò hàn tó bó ṣe hàn kí a tó dé e. Àmọ́ ilé Màmá kọjú sí títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, ìka mi lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ yìí ló parí ẹjọ́.

Káfíńtà Òṣòdì

Ẹ kú oríire. Sílípáàsì ńkọ́?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ó wà níbẹ̀, Bàbá, àwọ̀ ewé. Màmá ń wá ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ láti àná.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀gbọ́n kan ní Kétu, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá Màmá, rí fọ́tò iṣẹ́ náà, ó ní òun fẹ́ irú ẹ̀. Kì í ṣe ti ẹsẹ̀ Màmá ló fẹ́ kó tóbi. Ó ní kí n fi ojú ọ̀nà náà sẹ́yìn-sẹ́yìn, láti Kétu wá sí Ìbàdàn, torí òun ò tíì dé Ìbàdàn rí. Mo ní fọ́tò ilé Kòkó, alájà 26 tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965, mo ní ti òkè Mápó. Àmọ́ mo ń wá ohun kan tó sún mọ́ni bí ẹsẹ̀ Màmá. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, kí lẹ máa yà?

Tẹ̀mi Onífọ́tò

Ọwọ́ ẹni tó ń ro àmàlà, pẹ̀lú orógùn, kí èéfín bò ó díẹ̀. Kẹ́ ẹ yà á láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ dára nígbà náà. Kẹ́ ẹ sì nu ojú kámẹ́rà fóònù yín tẹ́ ẹ bá kúrò nídìí ìkòkò, torí èéfín àmàlà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.